Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Ńlá àti Àwọn Oníbàárà Tí Ó Mọ Ọjà Jù Wọ́n Lọ

Nínú gbogbo ohun tí ń ti ìhà ìwọ̀-oòrùn wọ ilẹ̀ Yewa, bóyá ni a lè rí èyí tí ojú mọ̀ tó àǹkárá. Ní Ìmàsàyí, ní Ìlaròó àti ní Ayétòrò, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà kì í kọjá láìjẹ́ pé àwọn ènìyàn dá a ní aṣọ ẹbí. Ìyá aláṣọ tí ó ti pẹ́ nídìí àtẹ yóò fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún etí aṣọ náà, yóò yí inú rẹ̀ wò bóyá ó jọ ẹ̀yìn, yóò sì sọ lójú ẹsẹ̀ bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé ilé-iṣẹ́ kankan. Síbẹ̀, orí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Òyìnbó gbé ọrọ̀ wọn lé fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọwọ́ tí wọ́n sì fi mú àwọn tí ó ni ìmọ̀ náà wà lára ohun tí ó pinnu bí ọjọ́ iwájú wọn yóò ti rí.

Oríṣi oníbàárà méjì ni ó wà. Ọ̀kan ń ra ọjà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó san owó rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìkejì ni ẹni tí ọjà náà di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, tí ó ń lò ó ju ẹnikẹ́ni lọ, tí ó mọ àbùkù rẹ̀ kí ẹni tí ó ṣe é tó mọ̀ ọ́n, tí ó sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ti ń lò ó. Ẹ jẹ́ kí a pe ẹni yìí ní oníbàárà àgbà. Àwọn oníbàárà àgbà kì í pọ̀ ní iye, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá sọ ni ọjà ń tẹ̀lé. Ìbéèrè tí ìtàn ń bi wá ni èyí: kí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ tí ó bá bu ọlá fún wọn, kí ni ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tí ó bá rò pé òun ti tó tán, tí ó sì fò wọ́n kọjá?

Àwọn ará ààlà wà ní ipò tí ó dára láti dáhùn ìbéèrè náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó pín ilẹ̀ yìí sí méjì. Kétu àti Ṣábẹ bọ́ sí abẹ́ Faransé. Ìlaròó àti Ayétòrò bọ́ sí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí wọ́n ń sọ èdè kan náà, tí wọ́n ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan náà, tí wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn, bá ara wọn lábẹ́ ìjọba méjì àti owó oríṣi méjì. Láti ìgbà náà ni ohun tí ó bá wọ́n níhìn-ín ti máa ń pọ̀ lọ́hùn-ún, tí èyí tí wọ́n bá sì fi òfin dè lọ́hùn-ún ti máa ń rọrùn níhìn-ín. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ìjọba Nàìjíríà ti fi òfin de aṣọ òkèèrè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ó ti ẹnubodè ilẹ̀ pátápátá títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Èyí ni ó fi jẹ́ pé àwọn ará ilẹ̀ Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995, mọ ìtumọ̀ òwe àwọn àgbà dáradára: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹni tí ó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti Abẹ́òkúta ti mọ ìdajì ìtàn àǹkárá. Àwọn aládìrẹ a máa fi ẹ̀kọ ya ọnà sí ara aṣọ funfun kí aró má baà mú ibẹ̀. Ìda ni àwọn ará Jáfà ní ìhà ìlà-oòrùn ayé ń lò ní tiwọn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ará Họ́láńdì ń ṣe ìjọba lé Jáfà lórí, wọ́n rò ó pé bí àwọn bá lè fi ẹ̀rọ ṣe ohun tí àwọn ará Jáfà ń fi ọwọ́ ṣe, àwọn yóò lè tà á fún wọn ní owó pọ́ọ́kú. Ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wá di olókìkí nínú iṣẹ́ yìí ni èyí tí Pieter Fentener van Vlissingen dá sílẹ̀ ní ìlú Helmond ní ọdún 1846, tí a wá mọ̀ sí Vlisco. Ẹ̀rọ yóò tẹ oje igi gbígbóná mọ́ aṣọ ní tinú-tẹ̀yìn; bí oje náà bá tutù, yóò sán wẹ́wẹ́, aró yóò sì gba ojú sísán náà wọlé, yóò fi àwọn ìlà tín-ín-rín sílẹ̀ tí kò jọra láti yáàdì kan dé èkejì.

Àbùkù ni ìlà wọ̀nyí ní ojú àwọn ará Jáfà, wọn kò sì fẹ́ràn aṣọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníṣòwò ará Scotland kan, Ebenezer Brown Fleming, bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú aṣọ yìí wá sí Gold Coast láàárín ọdún 1890 sí 1900, ohun tí àwọn kan kọ̀ ni àwọn mìíràn gbé gẹ̀gẹ̀. Àwọn obìnrin etíkun rí i pé ìlà wẹ́wẹ́ náà ni ó fi hàn pé ẹ̀rọ kò sọ aṣọ náà di ọ̀kan náà, àti pé ọ̀dà rẹ̀ dé ẹ̀yìn bí ó ti dé iwájú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà náà, ẹni tí ó ra aṣọ ni ó kọ́ ẹni tí ó ṣe é ní ohun tí ó jẹ́ ẹwà nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni a ń tà á fún. Níhìn-ín, ẹni tí ó rà á gan-an ni ó sọ fún ẹni tí ó tà á pé wúrà ni.

Ní ọdún 1929 ni Niger Company àti African and Eastern Trade Corporation para pọ̀ di United Africa Company, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UAC. Òun àti àwọn ilé-iṣẹ́ bíi CFAO àti SCOA ni wọ́n dúró láàárín àwọn tí ń tẹ aṣọ ní òkè òkun àti ọjà ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n akọ̀wé Òyìnbó tí ó jókòó ní ọ́fíìsì kò mọ̀ bóyá àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ osùn ni yóò tà ní ọdún tí ń bọ̀. Kò mọ̀ bóyá ẹyẹ tí wọ́n yà sí ara aṣọ jẹ́ ẹyẹ ire tàbí ẹyẹ àìda ní ojú àwọn tí yóò wọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin tí ń ra aṣọ ní ìdì ńláńlá ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ka ìwé, síbẹ̀ wọ́n mọ ìṣirò lórí, wọ́n sì mọ inú àwọn oníbàárà tiwọn bí ẹní mọ inú ilé.

Báyìí ni májẹ̀mú kan ṣe bẹ̀rẹ̀ tí ó wúlò fún ìhà méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ a máa pe àwọn ìyá wọ̀nyí jókòó, a fi àwòrán aṣọ tuntun hàn wọ́n, wọn a sì sọ èyí tí yóò tà àti èyí tí yóò jókòó sí ilé ìkẹ́rù. Ẹni tí ó bá ti fi ara rẹ̀ hàn ní olóòótọ́, wọn a fún un ní aṣọ láwìn; èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni pé wọn a fún un ní ẹ̀tọ́ àdáni lórí àwòrán aṣọ kan, tí kò fi ní sí ẹlòmíràn tí yóò gba irú rẹ̀ ní tààrà lọ́wọ́ wọn ní ìlú náà. Àwọn ìyá ni wọ́n sì ń sọ aṣọ lórúkọ. Ilé-iṣẹ́ fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Ọjà sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀. Aṣọ kan ń jẹ́ “Ojú orogún mi”, òmíràn ń jẹ́ “Bí o bá jáde, èmi náà yóò jáde”, òmíràn ẹ̀wẹ̀ ń yin ọkọ tí ó tó ọkọ í ṣe. Orúkọ wọ̀nyí ni ó ń tà aṣọ ju bí ìpolówó kankan ti lè tà á lọ, ilé-iṣẹ́ kò sì san kọ́bọ̀ lórí wọn.

Lómè ni májẹ̀mú yìí ti so èso jùlọ. Nígbà tí ìjọba Kwame Nkrumah bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ̀nà ọjà òkèèrè ní Ghana, láti ìparí àwọn ọdún 1950, ọjà àǹkárá ṣí kúrò ní Accra lọ sí Tógò, orílẹ̀-èdè kékeré tí ó gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1960, tí owó ibodè rẹ̀ kò sì wọ́n. Àwọn aláṣọ ti Nàìjíríà, Dàhómì, Côte d'Ivoire àti Kóńgò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sí ọjà ńlá Lómè. Kò ṣe àjèjì sí àwọn ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Àdúgbò Anagokomé tí ó wà ní àárín ìlú náà ń jẹ́rìí sí i títí di òní. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1970, àwọn ìyá tí wọ́n ni ẹ̀tọ́ àdáni lórí àwọn aṣọ tí ó tà jù ti di ọlọ́rọ̀ débi pé ọkọ̀ Mercedes-Benz ni wọ́n ń gùn, tí àwọn ènìyàn fi ń pè wọ́n ní Nana Benz. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún ìyá ni “Nana”. Bí àlejò pàtàkì bá dé sí ìjọba Gnassingbé Eyadéma, ọ̀dọ̀ wọn ni ìjọba ti ń yá ọkọ̀. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n rán ọmọ lọ sí yunifásítì òkè òkun, wọ́n sì di igi àràbà tí àwọn aláṣọ kéékèèké ń sá sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀fúùfù fẹ́ ní àwọn ọdún 1990. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1992, ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò bẹ̀rẹ̀ ní Tógò nítorí ìjà òṣèlú. Ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, ọjà tì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá lọ sí Ghana àti Benin. Kí ìlú tó fara balẹ̀, ní oṣù Kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì sí owó Faransé. Aṣọ tí ó ti Họ́láńdì wá di ọ̀wọ́n gógó láàárín òru ọjọ́ kan. Ẹni tí ó ń ra ìgán mẹ́ta wá ń ra ẹyọ kan. Ẹni tí ó ń ra ẹyọ kan kò rà mọ́.

Àkókò yìí gan-an ni àwọn oníbàárà àgbà nílò ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ aláràbarà àtijọ́ ń fà sẹ́yìn kúrò nínú òwò náà, ilé-iṣẹ́ ti Helmond sì ń gba ìpín ọjà mú ní ọwọ́ ara rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀tọ́ àdáni tí àwọn ìyá ń gbé ara lé ṣe ń parẹ́. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé ọdún 2000, Vlisco ṣí ìsọ̀ aláràbarà tirẹ̀ sí àwọn ìlú ńláńlá bíi Cotonou àti Lómè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán tuntun jáde lemọ́lemọ́ ní ìgbà-dé-ìgbà, gẹ́gẹ́ bí àwọn aránṣọ Paris ti ń ṣe. Ìyá tí ó ti ń fi sùúrù sọ aṣọ kan lórúkọ fún ọdún márùn-ún, tí ó sì ń jẹ èrè rẹ̀ fún ogún ọdún, kò ní ipò nínú irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ní àkókò kan náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ní ilẹ̀ Ṣáínà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irú aṣọ náà ní owó tí kò tó nǹkan. Ta ni ó fi hàn wọ́n ohun tí wọn yóò tẹ̀? Nínú àwọn obìnrin oníṣòwò Lómè, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí a wá ń pè ní Nanette, àwọn kan wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n di àpẹẹrẹ aṣọ mọ́ ẹrù, wọ́n sì lọ bá àwọn tí ń tẹ aṣọ ní Ṣáínà. Wọ́n sọ àwọ̀ tí ó yẹ kí ó pọ́n sí i, bí aṣọ ti gbọ́dọ̀ le tó lọ́wọ́, àti àwòrán tí orúkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọjà tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ tí ilé-iṣẹ́ kan ti rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí kò sì kọ ìwé àdéhùn lé e lórí, dìde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ó sì lọ sí ilé ẹlòmíràn. Láti èbúté Lómè àti ti Cotonou ni aṣọ náà ti ń gba ọ̀nà igbó wọ ilẹ̀ Yewa, tí ọ̀pọ̀ àtẹ sì fi kún fún un. Ní ọdún 2010, wọ́n ta ilé-iṣẹ́ Vlisco fún àwọn olówó ìdókòwò tí a ń pè ní Actis.

Kò yẹ kí òǹkọ̀tàn fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àròsọ tí olè àti olóòótọ́ wà nínú rẹ̀ gbọnrangandan. Vlisco kò kú. Aṣọ rẹ̀ ṣì wà lára àwọn tí iyì rẹ̀ ga jùlọ. Àwọn Nana Benz náà kì í ṣe áńgẹ́lì: ẹ̀tọ́ àdáni tí ó gbé wọn ga ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ obìnrin tí kò ní ẹni tí yóò fà wọ́n wọlé, àwọn wọ̀nyí gan-an ni wọ́n sì kọ́kọ́ lọ sí Ṣáínà. Bákan náà, kò sí ìwà rere kan tí ó lè dá owó CFA dúró kí ó má ṣubú. Ṣùgbọ́n ohun kan dájú. Nígbà tí òjò ń rọ̀, àwọn tí ìbá di agboòrùn mú fún ilé-iṣẹ́ kò ní ìdí mọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ. Royal Niger Company gba ìwé àṣẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1886, ó sì sọ odò Ọya di ohun ìní ara rẹ̀. Àwọn ará Brass, tí wọ́n ti jẹ́ alágbàtà epo pupa fún àwọn Òyìnbó fún ọ̀pọ̀ ọdún, bá ara wọn ní àjèjì lórí odò tí bàbá wọn ń tù; àfi kí wọ́n san owó ìwé àṣẹ ńláńlá kí wọ́n tó lè ṣòwò. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1895, Ọba Koko àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọlu ibùdó ilé-iṣẹ́ náà ní Akassa. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì jó ìlú Nembe láti fi gbẹ̀san, ìyà púpọ̀ sì jẹ àwọn aláìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba rán Sir John Kirk wá ṣe ìwádìí, ìdúró ilé-iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nígbà tí ọdún 1899 parí, wọ́n gba ìwé àṣẹ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà tí kò bá ní ọ̀nà mìíràn wọ ọjà lè bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri.

Ní ayé òde òní, ẹ̀rọ ni ó gba ipò tí epo àti aṣọ wà tẹ́lẹ̀. Títí di ọdún 2001, gbogbo tẹlifóònù tí ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà lábẹ́ NITEL kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún náà ni ìjọba ta ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká, mílíọ̀nù 285 owó dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹjọ, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni wọ́n ń ṣírò owó ìpè: ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún yóò san owó ìṣẹ́jú kan gbáko, nǹkan bí náírà 50. Àwọn tí wọ́n na agboòrùn sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí wọ́n ń ra káàdì ní ọ̀pọ̀, tí wọ́n sì ń ta ìpè fún àwọn tí kò ní fóònù, ni wọ́n kọ́kọ́ mọ bí ìṣirò yìí ti ń jẹ ènìyàn, nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kà á. Wọ́n kígbe, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ní àkókò kò tíì tó láti ṣírò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá.

Nígbà tí Glo dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, ìṣẹ́jú-àáyá ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Nàìjíríà pa fóònù wọn fún ọjọ́ kan láti fi ẹ̀hónú hàn. Kò pẹ́ tí ohun tí wọ́n ní kò tíì ṣeé ṣe fi ṣeé ṣe fún gbogbo wọn. Òmíràn tí ó yẹ kí a rántí ni BlackBerry. Ní nǹkan bí ọdún 2011, òun ni fóònù àwọn ọ̀dọ́ àti oníṣòwò Nàìjíríà. Wọ́n ń tẹ nọ́ńbà BBM wọn sí ara káàdì ìsọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà fi BBM há mọ́ inú fóònù tirẹ̀ nìkan títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2013. Kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn, WhatsApp ti kó àwọn àlejò lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n pa BBM tí gbogbo ènìyàn ń lò.

Bí a bá kó ìtàn wọ̀nyí jọ, a ó rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni oníbàárà àgbà tí a kò kà sí máa ń gbà: ó lè jà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Brass, ó lè kọ̀ láti rà, gẹ́gẹ́ bí àwọn oní-fóònù, ó sì lè di ìmọ̀ rẹ̀ ní ìdì kí ó lọ tà á fún abánidíje, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọbìnrin Lómè. Ẹ̀kẹta yìí kì í pariwo, òun ni ó sì léwu jù fún ilé-iṣẹ́, nítorí pé kì í hàn nínú ìwé ìṣirò títí ọjà yóò fi lọ tán. Àwọn ilé-iṣẹ́ a máa ka iye àwọn tí ń rà. Wọn kì í sábà ka iye àwọn tí ń kọ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará ilẹ̀ Yewa fúnra wọn. Ìmọ̀ àwọn ìyá aláṣọ Ìmàsàyí kò yàtọ̀ sí ti àwọn Nana Benz, àfi pé owó kò jọ. Bí ó ti wù kí ọ̀dọ́ kan máa tà aṣọ lórí fóònù lónìí, ọ̀dọ̀ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni yóò ti kọ́ bí a ti ń mọ ojúlówó. Ó yẹ kí a máa kọ orúkọ aṣọ àti ìtàn wọn sílẹ̀ kí àwọn tí ó mọ̀ wọ́n tó lọ, kí ó má baà jẹ́ pé Helmond àti Ṣáínà nìkan ni yóò ní ìwé lórí ohun tí ọjà wa sọ. Ilé-iṣẹ́ a máa yí padà, owó a sì máa ṣubú, ṣùgbọ́n ìka tí ó mọ etí aṣọ ṣì wà nídìí àtẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọjà òun pẹ́ yóò kọ́kọ́ lọ jókòó tì í.